Ẹ̀jẹ̀ Gìgísẹ̀ Ọmọ Tuntun: Bí Àìsàn Fòníkú-fọ̀ladìde Ṣe Wọ Inú Ètò Ìlera Ìlú Ọba



Ẹni tí ó bá ń rìn ní Walworth Road, láti Elephant and Castle lọ sí ọ̀nà Camberwell, yóò kọjá lára ilé bíríkì kan tí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark kọ́ ní ọdún 1937. Walworth Clinic ni orúkọ rẹ̀, ìtọ́jú àwọn ará àdúgbò ni wọ́n sì kọ́ ọ fún. Ère obìnrin kan pẹ̀lú àwọn ọmọ wà ní òkè rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan sára ògiri rẹ̀, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wa jẹ́ pé ìlera àwọn ènìyàn ni òfin tí ó ga jù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gba iwájú rẹ̀ lọ sí ọjà East Street láìmọye ìgbà, láì gbójú sókè kà á.

Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè nínú. Àwọn ènìyàn wo ni òfin náà ń sọ? Kí àìsàn kan tó lè wọ inú òfin ìlera, ohun èlò kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò fi í hàn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ka iye àwọn tí ó ń bá jà, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ dúró níwájú aláṣẹ títí wọn yóò fi gbọ́. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá sọnù, àìsàn náà yóò wà nínú ilé àwọn tí ó ń jẹ níyà, kò ní sí nínú ìwé ìjọba. Èyí ni mo fẹ́ fi ìtàn àìsàn kan tí ó sún mọ́ wa jù lọ ṣe àlàyé rẹ̀: fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS.

Walworth kí àwa tó dé

Ní ọdún 1791, ọmọkùnrin méjì ni a bí ní àgbègbè yìí tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò tíì kúrò nínú ilé ìwòsàn títí di òní. Ní oṣù kẹsàn-án ni a bí Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ní Newington. Òun ni ó ṣàwárí bí a ṣe lè fi òòfà àti wáyà bàbà mú iná mànàmáná jáde. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà ni a bí Charles Babbage nítòsí Walworth Road, ẹni tí ó ya àwòrán ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn onímọ̀ kà sí baba ńlá kọ̀ǹpútà. Iná mànàmáná àti ìṣirò: ẹ jẹ́ kí á fi méjèèjì sọ́kàn, nítorí a óò tún bá wọn pàdé.

Ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan wà ní Walworth ní ayé ìgbà náà tí wọ́n ń pè ní Royal Surrey Gardens. Pasley Park ni ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lónìí. Ní oṣù keje ọdún 1857, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe àríyá olórin nínú ọgbà yẹn láti kówó jọ fún Mary Seacole, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Jamaica tí ó tọ́jú àwọn ọmọ ogun nígbà ogun Kírímíà, tí ó sì padà dé London pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn. Ní ọdún 1862, ilé ìwòsàn St Thomas' kó wá sínú ọgbà yìí kan náà, nítorí pé iṣẹ́ ojú irin ti gba ilẹ̀ rẹ̀ ní London Bridge. Ibẹ̀ ni ó wà títí di ọdún 1871, tí ilé tuntun rẹ̀ fi parí ní etí odò Thames, ní òdìkejì Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí a dá sílẹ̀ ní orúkọ Florence Nightingale ní ọdún 1860 bá a kó wá. Nítorí náà, fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, Walworth ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin tí ó gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òde òní káàkiri ayé.

Nightingale fúnra rẹ̀ kì í ṣe olùtọ́jú aláìsàn nìkan, oníṣirò ni. Lẹ́yìn ogun Kírímíà, ó ya àwòrán tí ó fi iye àwọn òkú hàn ní oṣù kọ̀ọ̀kan, gbogbo ènìyàn sì rí i pé àìsàn tí ìmọ́tótó ìbá ti dá dúró pa ọmọ ogun ju ọta ìbọn lọ. Ìjọba tí kò gbọ́ igbe àwọn aláìsàn gbọ́ nígbà tí iye wọn wà lórí ìwé. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ohun tí a kò bá kà, aláṣẹ kì í náwó lé e lórí.

Ohun tí àwọn baba wa mọ̀

Kí òyìnbó tó fún àìsàn yìí lórúkọ, ó ti ní orúkọ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó fi òní kú, tí ó fi ọ̀la dìde: kò sí dókítà tí ó lè ṣe àpèjúwe rẹ̀ kí ó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrora yóò dé lójijì sí egungun ọwọ́, ẹsẹ̀, àyà tàbí ẹ̀yìn, ọmọ náà yóò máa ké bí ẹni tí wọ́n ń fi òòlù lù, ojú rẹ̀ yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, yóò tún máa bá ẹgbẹ́ ṣeré. Àwọn òbí tí ọmọ ń kú mọ́ lọ́wọ́ sọ wọ́n ní Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Bánjókò. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí a pè ní àbíkú ni àìsàn yìí pa, nítorí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru náà kò ṣàánú ọmọdé. Ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ti ń lọ nínú irú ìrora kan náà, tí àwọn yòókù sì le koko, ó yẹ kí á mọ̀ ọ́n lónìí. Àwọn baba wa rí àìsàn náà, wọ́n sì mọ̀ pé inú ìdílé ni ó ń rìn. Ohun tí wọn kò ní ni irinṣẹ́ tí yóò fi ìdí rẹ̀ hàn wọ́n.

Ní ọdún 1904, akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada dùbúlẹ̀ àìsàn ní Chicago. Àwọn dókítà fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn hóró pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto ti gùn, wọ́n sì tẹ̀ bí dòjé. James Herrick kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1910. Láti inú àpèjúwe dòjé yẹn ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àìsàn náà ti wá.

Ọdún mọ́kàndínlógójì kọjá kí ìdí rẹ̀ tó hàn. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California mú himogilóbíìnì, èròjà pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fi iná mànàmáná gba inú omi tí ó wà. Ti ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá rìn bákan, ti ẹni tí ó ní àìsàn náà rìn bákan mìíràn, ti ẹni tí ó gba ẹyọ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ sì pín sí ọ̀nà méjì. Báyìí ni àwa náà ṣe di ẹni tí ń sọ pé AA ni mí, AS ni mí, SS ni mí. Iná tí ọmọ alágbẹ̀dẹ Newington wá ìdí rẹ̀ ni ó ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀. Ní ọdún 1956, Vernon Ingram ní Cambridge fi hàn pé ìyàtọ̀ náà kò ju ẹyọ èròjà kan lọ nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí ó so pọ̀ di himogilóbíìnì.

Ilẹ̀ wa náà kò gbẹ́yìn nínú ìwádìí yìí. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà pé ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ọmọ tí ó jẹ́ AS. Ní 1970, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣàlàyé ọ̀nà kan tí ààbò náà ń gbà ṣiṣẹ́: hóró ẹ̀jẹ̀ ẹni AS tí kòkòrò ibà bá wọ inú rẹ̀ tètè ń tẹ̀ bí dòjé, ara sì ń kó o dànù pẹ̀lú kòkòrò inú rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe pọ̀ láàrin wa. Nǹkan bí ẹnìkan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ni ó gbé S kan lára. Kì í ṣe ègún, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ òbí. Ààbò tí Ọlọ́hun fi sí ara àwọn baba ńlá wa lòdì sí ibà ni, tí ó ń di ìnira nígbà tí méjì bá pàdé nínú ọmọ kan.

Gìgísẹ̀ kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà

Ẹ jẹ́ kí á padà sí London. Láti ọdún 1969, gbogbo ọmọ tuntun ní Ìlú Ọba ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò fún nítorí àrùn kan tí wọ́n ń pè ní PKU, tí ó máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ bí wọn kò bá tètè yí oúnjẹ rẹ̀ padà. Robert Guthrie ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe ọ̀nà rẹ̀: nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí yóò gún gìgísẹ̀ ọmọ, yóò kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí páálí, ẹ̀jẹ̀ náà yóò gbẹ, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Ohun tí kò náni lówó púpọ̀, tí ó sì rọrùn. Àrùn PKU ń mú nǹkan bí ọmọ kan nínú 10,000, àárín àwọn aláwọ̀ funfun ni ó sì ti wọ́pọ̀ jù.

Àìsàn SS pọ̀ ju PKU lọ fíìfíì láàrin àwọn ọmọ tí a ń bí ní England lónìí. Gìgísẹ̀ kan náà ni, páálí kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà ti ń yẹ gbogbo ọmọ tuntun wò fún SS láti ọdún 1975. Nítorí náà a kò lè sọ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ni kò sí. Ṣùgbọ́n gbogbo England kò gba àyẹ̀wò yìí títí di ọdún 2006. Láàrin 1975 sí 2006, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Àwọn ọmọ tí a bí láàrin àkókò yẹn, tí àwọn òbí wọn kò mọ ohun tí ń ṣe wọ́n, ọmọ ta ni? Ọmọ tiwa ni, àti ti àwọn ará Jamaica, Gánà, Sàró àti Kóńgò tí ó ń gbé ní àdúgbò wa.

Kí ló dé tí àyẹ̀wò ọmọ tuntun fi ṣe kókó tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ọmọ SS kì í fi àìsàn hàn nígbà tí wọ́n bá bí i. Himogilóbíìnì inú oyún, tí kì í tẹ̀ bí dòjé, ṣì wà lára rẹ̀, ó sì ń dáàbò bò ó fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí èyí bá ń dínkù ni ewu ń wọlé, ewu tí ó sì yára jù kì í ṣe ìrora bí kò ṣe àkóràn àìsàn tí ó lè pa ọmọ láàrin wákàtí díẹ̀. Ní ọdún 1986, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ SS kan ní pẹnisílíìnì lójoojúmọ́, wọ́n sì fún àwọn kan ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Nínú 105 tí ó gba pẹnisílíìnì, méjì ni àkóràn náà mú. Nínú 110 yòókù, mẹ́tàlá ni ó mú, mẹ́ta nínú wọn sì kú. Àwọn olùwádìí dá iṣẹ́ náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí pé òtítọ́ ti hàn. Oògùn tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ó ń gba ẹ̀mí là, bí a bá ti mọ ọmọ tí ó yẹ kí á fún.

Ní ọdún 1986 yẹn kan náà, àwọn dókítà ní Camberwell, tí ó bá Walworth pààlà, tẹ àbájáde ìwádìí ọdún méjì jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí àyẹ̀wò SS tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ tuntun àgbègbè wọn. Àdúgbò wa yìí ti mọ ọ̀nà náà ní ogún ọdún ṣáájú kí ó tó kárí gbogbo England.

Nọ́ọ̀sì tí kò gbà

Ẹni tí ó dúró níwájú aláṣẹ nínú ìtàn yìí ni Elizabeth Anionwu. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ìran rẹ̀ ti Ireland wá, baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nọ́ọ̀sì tí ń lọ láti ilé dé ilé ni, ó sì rí àwọn ìdílé tí ọmọ wọn ní àìsàn yìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn. Òun fúnra rẹ̀ kò ní ìmọ̀ tó láti dá wọn lóhùn, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa rẹ̀ ní Ìlú Ọba. Amẹ́ríkà ni ó ti lọ kọ́ ọ. Ní ọdún 1979, òun àti Milica Brozović, dókítà ẹ̀jẹ̀, dá ilé ìgbaninímọ̀ràn àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Brent fún àìsàn yìí àti thalassaemia tí ó jọ ọ́. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn òbí, àwọn aláìsàn àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera dá ẹgbẹ́ Sickle Cell Society sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń bi ìjọba kò le: bí ẹ bá lè gún gìgísẹ̀ ọmọ fún PKU, kí ló dé tí ẹ kò fi lè wo èyí pẹ̀lú? Ogún ọdún ó lé ni wọ́n fi ń bèèrè rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2000, ìjọba kọ ọ́ sínú ètò NHS pé àyẹ̀wò aláboyún àti ti ọmọ tuntun fún SS yóò kárí gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 2006, ó kárí England. Láti ìgbà náà, ọmọ tí a bí ní ilé ìwòsàn King's tàbí St Thomas', ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún rẹ̀ láyé, agbẹ̀bí yóò gún gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ SS, yóò ti máa gba pẹnisílíìnì kí ó tó pé oṣù mẹ́ta. Ẹ̀rọ inú ilé àyẹ̀wò ń ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́tà ń dé ilé. Ó rọrùn títí tí ọ̀pọ̀ ìyá kò fi rántí pé wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n kò rọrùn láti gbà.

Anionwu yìí kan náà wà lára àwọn tí ó ṣíwájú ìjà fún ère Mary Seacole, tí wọ́n ṣí ní ọgbà St Thomas' ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Obìnrin tí Walworth ṣe àríyá fún ní 1857 dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí ó ti gbé ní Walworth rí, ó kọjú sí àwọn aṣòfin.

Ẹ̀rọ ń ríran, kì í gbọ́ràn

Ìmọ̀ ẹ̀rọ kò dúró níbẹ̀. Ní ọdún 1998, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lo ẹ̀rọ tí ń fi ìró wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọpọlọ ọmọ SS. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń sáré jù ni ó wà nínú ewu rọpárọsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ déédéé, ewu náà dínkù ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Lónìí, ó yẹ kí ọmọ SS láti ọdún méjì sí mẹ́rìndínlógún máa ṣe àyẹ̀wò yìí lọ́dọọdún. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí ń fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn jáde, tí ó ń yọ hóró tí ó tẹ̀ kúrò, tí ó sì ń fi ti olùtọrẹ rọ́pò rẹ̀. Ní 2016, NICE, àjọ tí ń gba NHS nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú tí ó yẹ kí ó máa lò, fọwọ́ sí ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ kankan tí ń wọn ìrora. Ìrora ẹnu aláìsàn nìkan ni a ti ń gbọ́ ọ. Láti ọdún 2012 ni ìlànà NICE ti wà pé ẹni SS tí ó bá dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìrora líle gbọ́dọ̀ gba oògùn ìrora láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àwọn aṣòfin kan pẹ̀lú Sickle Cell Society tẹ ìròyìn kan jáde tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ń gbọ́. Wọ́n gbọ́ láti ẹnu àwọn aláìsàn pé wọ́n ń dúró fún wákàtí púpọ̀, pé wọ́n ń fura sí wọn bí ẹni tí ó kàn ń wá oògùn olóró, àti pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò mọ àìsàn náà. Ikú ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kan ní ilé ìwòsàn kan ní àríwá London ní ọdún 2019 wà lára ohun tí ó bí ìròyìn náà. Láti orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ó ti fi fóònù pe 999 pé òun nílò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn.

Ẹ̀rọ pàápàá lè ṣi ojú ríran. Nígbà àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ nínú wa ra ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka láti mọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń tàn gba inú awọ ara kọjá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìwádìí láti Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ̀rọ náà pàdánù àìtó ọ́síjìn nínú àwọn adúláwọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta iye tí ó pàdánù nínú àwọn aláwọ̀ funfun. Ó ń sọ pé ara dá nígbà tí ara kò dá. Ìjọba Ìlú Ọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Dame Margaret Whitehead, ìròyìn wọn tí ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe àṣìṣe lórí awọ dúdú. Àwọn tí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò ni ẹ̀rọ mọ̀. Bí a kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dán an wò, kò lè mọ̀ wá.

Ìwòsàn tuntun àti owó rẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Ìlú Ọba di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láyé tí ó fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Casgevy. Wọn yóò gba hóró tí ń bí ẹ̀jẹ̀ láti ara aláìsàn, wọn yóò tún àbùdá inú rẹ̀ ṣe ní ilé iṣẹ́ kí ó lè padà máa pèsè himogilóbíìnì inú oyún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò fi oògùn líle pa àwọn ti àtijọ́ inú mùdùnmúdùn egungun, lẹ́yìn náà ni wọn yóò dá hóró tuntun padà sí ara rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, NICE gbà pé kí NHS lò ó fún àwọn kan tí ó ní SS, nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn lọ́dún. Iye tí ilé iṣẹ́ náà dá lé e fún ẹnìkan ni £1,651,000.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun fún ìmọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí lọ́dún kan ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì sí ẹni tí ó gún gìgísẹ̀ wọn. Níhìn-ín ní England, àwọn àìsàn tí ẹni tí ó bá ní wọn kò ní sanwó oògùn wà nínú àkójọ kan tí ìjọba ṣe ní ọdún 1968. Wọ́n fi jẹjẹrẹ kún un ní 2009. Fòníkú-fọ̀ladìde kò sí níbẹ̀. Ìlú tí ó lè tún àbùdá ọmọ ènìyàn ṣe kò tíì tún àkójọ yẹn ṣe.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa

Bí a bá ń bi ìjọba léèrè, ó yẹ kí á bi ara wa pẹ̀lú. Àyẹ̀wò tí àwọn tí ó ṣíwájú wa jà fún wà níwájú wa lọ́fẹ̀ẹ́, síbẹ̀ a ṣì ń so yìgì fún ọ̀dọ́ méjì láì bi wọ́n ní jẹ́nótáìpù wọn. A óò bèèrè sàdáàkì, a óò bèèrè aṣọ ẹbí, a óò bèèrè gbọ̀ngàn. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Èyí kò túmọ̀ sí pé bí ọmọ kan bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta yòókù ti bọ́. Ní gbogbo ìgbà tí obìnrin náà bá lóyún ni ìṣirò ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn lémọ́ọ̀mù àti alùfáà wa lè sọ ìbéèrè yìí di àṣà kí ìfẹ́ tó jinlẹ̀, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, nígbà tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Bí àwọn méjèèjì bá ti mọ̀, tí wọ́n sì tún pinnu láti fẹ́ra, kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wọ inú rẹ̀ ni, kí wọ́n sì lọ rí olùgbaninímọ̀ràn. Aláboyún tí ó bá tètè lọ forúkọ sílẹ̀, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ní àkókò tó láti mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ro, tí ó máa ń bá ọ̀pọ̀ aláìsàn SS mu. Ó lé ní ìdajì àwọn adúláwọ̀ tí ń tọrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ó ní i, ṣùgbọ́n nínú àwọn yòókù, nǹkan bí ẹnìkan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, NHS ti ń ṣe àyẹ̀wò àbùdá ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn láti bá wọn wá ẹ̀jẹ̀ tí ó bá tiwọn mu jù lọ. Ẹ̀rọ náà ti dé, ẹ̀jẹ̀ ni kò tó. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn wa ti fọwọ́ sí fífi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ láti gba ẹ̀mí là. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé yóò ní láti dúró fún oṣù mélòó kan nítorí ibà. Kí ó dúró, kí ó sì lọ.

Ẹ̀kẹta ni pé kí á má ṣe fi aláìsàn sílẹ̀ ní òun nìkan. Bí ọmọ ará wa bá wà ní ẹ̀ka pàjáwìrì ní òru, kí ẹnìkan bá a lọ, kí ó mú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ dání, kí ó sì mọ̀ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìlànà sọ. Ohùn ẹni tí kò sí nínú ìrora ni ó máa ń lágbára láti sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ bá tún gba Walworth Road kọjá, ẹ gbójú sókè wo ògiri ilé 1937 yẹn. Àwọn tí ó gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ kò mọ̀ pé àwa ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì kan, àwọn òbí kan, àti àwọn dókítà kan ní Camberwell ni ó mú kí ó kàn wá pẹ̀lú. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa tí ń fi òní kú, tí ń fi ọ̀la dìde ní àlàáfíà, kí Ó san án fún gbogbo ẹni tí ó jà fún wọn ní rere. Àmín.